Àlòkù Kì Í Ṣe Òkú

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìwà ni, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ná owó ni, ọ̀rọ̀ òtítọ́ sì ni pẹ̀lú. Ohun tí a fẹ́ bèèrè ni pé: nígbà wo gan-an ni ohun-èlò kú? Ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kéde ikú rẹ̀: ẹni tí ó ṣe é ni, ẹni tí ó ń tà á ni, àbí ẹni tí ó ń fi í ṣiṣẹ́?

Ohun tí ó gbé ìbéèrè yìí dìde kò jìnnà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, tí wọ́n ti gbé jáde láti ọdún 2015. Ètò ìdarí kọ̀ǹpútà ni Windows jẹ́, èyíinì ni ètò tí ó ń jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, òun ni ó sì ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ètò yòókù. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn bọ́ sórí Windows 11. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni Windows 11 ń gbà wọlé. Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ní RAM gígábáìtì 4 ó kéré tán, kí dískì rẹ̀ tó gígábáìtì 64, kí ó ní èròjà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí. Ní ti àwọn ọpọlọ tí Intel ṣe, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ náà kò dàgbà ju ọdún 2017 lọ. Wọ́n fi àfikún ìgbà díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti jáde.

Ẹ kíyè sí i. Kò sí kọ̀ǹpútà kan tí ó bàjẹ́ ní òru ọjọ́ yẹn. Bọ́tìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀. Ojú rẹ̀ kò fọ́, dískì rẹ̀ kò jóná. Ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ni pé ẹni tí ó ń bá wa tún àgádágodo ilẹ̀kùn ṣe sọ pé òun kò ní wá mọ́. A kò sọ pé ìyẹn kéré o. Ilé tí àgádágodo rẹ̀ kò ní àtúnṣe mọ́, olè yóò mọ̀ ọ́n bó pẹ́ bó yá, ẹni tí ó bá sì ń gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti san owó tàbí láti gba lẹ́tà ń fi ara rẹ̀ wewu. Ṣùgbọ́n ẹni tí àgádágodo ilẹ̀kùn rẹ̀ bàjẹ́, ṣé ilé ni ó yẹ kí ó wó?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa. Ohun tí ẹnìkan ti lò rí ni a ń pè ní àlòkù. A lò ó, ó sì kù. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí kù yẹn, kì í ṣe ohùn òkè. Àwọn tí ó sọ ohun náà ní àlòkù rí i pé àǹfààní kan ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni tòkúnbọ̀. Orúkọ ọmọ ni tẹ́lẹ̀, ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé, kí ó tó di orúkọ mọ́tò, fíríìjì àti kọ̀ǹpútà tí àwọn aláwọ̀ funfun ti lò kí ó tó dé Èbúté Lagos. A kì í sọ òkú lórúkọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ní òde òní ohùn ti ń yí padà lẹ́nu wa, ohun tí ó kù ni a ń pè ní ohun tí ó kú.

Ìtàn kan wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, tí àwọn ọmọ ilé-kéwú mọ̀ dáadáa. Wọ́n fi àgùntàn kan ṣe sàráà fún ẹrúbìnrin Maymuna tí a ti dá sílẹ̀, àgùntàn náà sì kú. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, kọjá lára rẹ̀, ó sì béèrè ìdí tí wọn kò fi lo awọ rẹ̀. Wọ́n ní òkúǹbete ni. Ó fi yé wọn pé jíjẹ rẹ̀ ni a ṣe ní èèwọ̀. Àwọn onímọ̀ fiqh ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí awọ àti bí a ṣe ń pa á láró, ibi tí tiwa kò dé nìyẹn. Ohun tí ó jọ wá lójú ni pé ẹran tí ó kú ní tòótọ́, tí kò sí iyèméjì nínú ikú rẹ̀, Ànábì ṣì ń béèrè ohun tí ó kù lára rẹ̀. Kí wá ni a ó sọ nípa ohun tí kò tíì kú rárá?

A ó fi kọ̀ǹpútà kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ibi tí ó dúró sí máa ń fò lọ. Arábìnrin wa kan, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ilé-kéwú wa kí ó tó wọ yunifásítì, ní láptọ́ọ̀pù Dell Latitude D630, irú èyí tí ó jáde ní ọdún 2007. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó ti lò ó tẹ́lẹ̀. RAM rẹ̀ kò ju gígábáìtì 2 lọ, Windows 7 ni ó sì wà lórí rẹ̀, èyí tí àtúnṣe rẹ̀ ti parí láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Èèyàn lè tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kí ó lọ ṣe àlùwàlá, kí ó padà wá bá a níbi tí ó ti ń yí òbìrìpé kan náà. Ẹni tí ó gbé e lọ bá láti tún un ṣe kò tú u rárá. Ó ní ó ti kú, kí ó lọ ra òmíràn. Ìyá rẹ̀ bá múra láti lọ gba èésú rẹ̀ ṣáájú àsìkò, owó tí ó fẹ́ fi kó ọjà sí ìsọ̀ kí Ààwẹ̀ tó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnìkan tí kò tú ohun tí ó dájọ́ lé lórí ni ó fẹ́ gba owó ọjà lọ́wọ́ ìyá yìí. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ ti ènìyàn tí a fi ẹ̀sùn kàn, gbogbo wa ni a ó ké pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rí. Nítorí ohun-èlò ni, ẹ̀rí kò jọ wá lójú mọ́.

Ohun tí a ṣe ni pé a ní kí arábìnrin náà kọ iṣẹ́ tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe sórí ìwé. Ó kọ ọ́: kí ó tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní Yorùbá àti Lárúbáwá, kí ó ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, kí ó tọ́jú ohùn àwọn olùkọ́ rẹ̀ tí ó gbà sílẹ̀, kí ó sì máa fi lẹ́tà ránṣẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A wo ìwé náà, a sì bi ara wa pé èwo nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni kọ̀ǹpútà ọdún 2007 kò lè ṣe ní ọdún 2007? Bí ó bá lè ṣe é nígbà náà, kí ni ó gba agbára rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

A tú u. Eruku ti dí ẹnu fáànù rẹ̀ bí òwú tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe ń gbóná tí ó sì ń fa ẹsẹ̀. Bátìrì kékeré kan wà nínú rẹ̀, tí ó rí roboto bí owó ẹyọ, tí ó ń bá kọ̀ǹpútà rántí aago. Ìyẹn ti tán, aago rẹ̀ sì ti padà sí ọdún àtijọ́. Ẹ máa fojú sí èyí, nítorí bí aago kọ̀ǹpútà bá ti ṣìnà, ọ̀pọ̀ ibi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní gbà á wọlé, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì sọ pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. A gbọn eruku, a pààrọ̀ bátìrì.

Lẹ́yìn náà ni a mú fláàṣì kan tí a ti kọ antiX sí. antiX jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò ìdarí tí a ń pè ní Linux, èyí tí wọ́n ṣe ní fífúyẹ́ nítorí àwọn kọ̀ǹpútà àgbà. A tẹ F12 bí ó ti ń jí, a ní kí ó gba ojú fláàṣì bẹ̀rẹ̀. Ẹwà tí ó wà nínú èyí ni pé kò kan dískì rárá. Ètò náà ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì, a sì lè wo kọ̀ǹpútà náà láti orí dé ẹsẹ̀ kí a tó pinnu ohunkóhun. Ojú rẹ̀ ń ríran, ohùn rẹ̀ ń jáde, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ń dáhùn àyàfi ẹyọ kan. Ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì rẹ̀ nìkan ni kò dìde. Irú ti Broadcom ni, èyí tí ó ń fẹ́ kí a wá fáìlì kan fún un kí ó tó ṣiṣẹ́. A fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, ó gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀, ó wá fáìlì rẹ̀, ó sì dìde. Ìgbà tí a ti rí ẹ̀rí tán ni a tó gbé ètò náà kalẹ̀ sórí dískì. Arábìnrin náà fi RAM àlòkù kún un kí ó lè pé gígábáìtì 4, ó sì pààrọ̀ dískì tí ń yí sí irú SSD tí kì í yí. Owó méjèèjì kò ju owó aṣọ ọdún Iléyá kan lọ. Èésú ìyá dúró sí ipò rẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ni Linux yìí ṣe tí Windows kò ṣe. Kì í ṣe idán. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bàbá àgbà tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí ní ìrun asubahi, bí ẹnìkan bá gbé àpò ìrẹsì lé e lórí, yóò ṣubú lójú ọ̀nà. Ṣé a ó wá sọ pé bàbá kò lè rìn mọ́ ni, àbí a ó sọ ẹrù kalẹ̀? RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí bí aránṣọ ti ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Bí ètò ìdarí fúnra rẹ̀ bá ti gba tábìlì tán pẹ̀lú ọ̀ṣọ́, àwòrán tí ń rá bàbà àti àwọn ètò tí ń ṣọ́ wa lábẹ́lẹ̀, ibo ni aránṣọ yóò tẹ́ aṣọ sí? Ohun tí àwọn Linux fífúyẹ́ ṣe ni pé wọ́n dín ọ̀ṣọ́ kù. Ọkàn ètò náà, èyí tí ń bá èròjà kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ẹyọ kan náà ni pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ayé. Ojú tí a ń wò ni ó yàtọ̀: IceWM ni antiX ń lò, Lubuntu ń lo LXQt, Xubuntu ń lo Xfce. Bí ẹ bá rí wọn, wọn kò fani mọ́ra bí ti ìgbàlódé. A kò ní parọ́ fún yín lórí ìyẹn.

Ohun kan tí ó dùn mọ́ wa nínú gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ Lárúbáwá ni ti èdè. Nínú ètò bọ́tìnnì Linux, ẹ ó bá Nàìjíríà, lábẹ́ rẹ̀ ẹ ó sì bá Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Arábìnrin wa ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ láìwá wọn kiri, ó sì ń fi bọ́tìnnì méjì péré bọ́ sí Lárúbáwá, tí ìlà yóò sì máa lọ láti ọ̀tún sí òsì nínú LibreOffice. Lẹ́tà Amiri, tí ará Íjíbítì Khaled Hosny ṣe ní àwòṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé Bulaq ti Cairo, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ti tẹ ìwé kéwú rí pẹ̀lú lẹ́tà tí kò mọ ibi tí fataha ń jókòó yóò mọ ohun tí a ń sọ.

Níbo ni irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ti wá? Ní ọdún 1983, Richard Stallman ní Amẹ́ríkà kéde pé òun fẹ́ kọ ètò ìdarí kan tí gbogbo ènìyàn yóò lómìnira láti lò, ó pè é ní GNU. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń kọ ètò kan fún ìgbádùn ara òun. Èyí ni ọkàn Linux. Ní ọdún 1992 ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL tí Stallman ti kọ. Ìwé àṣẹ yìí sọ pé ẹnikẹ́ni lè lo ètò náà, ó lè dà á kọ, ó lè tú inú rẹ̀ wò, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi èyí tí ó tún ṣe fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ kan náà tí òun fúnra rẹ̀ rí gbà. Ẹni tí ó mu nínú kànga kò lè mọ odi yí i ká.

Ọ̀rọ̀ kànga yìí rán wa létí Sayyidina Uthman, tí ó ra kànga Ruma ní Madina tí ó sì fi sílẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí. A kò sọ pé wákàfù ni Linux ní ìlànà ṣẹ́ríà o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sọ pé a sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò ro ti wákàfù, púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ọ́ lónìí ni ilé-iṣẹ́ ńlá ń san owó oṣù fún, Microsoft náà sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ìwà jọ ìwà, ó sì yẹ kí ojú ti àwa tí a bí wákàfù sínú ẹ̀sìn wa pé àwọn ẹlòmíràn ń gbẹ́ irú kànga yìí fún ayé, tí a sì ń kọjá lára rẹ̀ lọ jalè omi ládùúgbò.

Bẹ́ẹ̀ ni, olè ni a pè é. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Ọ̀pọ̀ Windows tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀dọ́ wa ni a kò sanwó rẹ̀. Ẹnìkan fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà fún wa ní owó díẹ̀. Ní ọdún 1988, Àjọ Fiqh Àgbáyé jókòó ní Kuwait, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ ìwé tàbí tí ó ṣe àrà tuntun jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ṣẹ́ríà dáàbò bò, tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn arákùnrin kan máa ń sọ fún wa pé olówó ayé ni àwọn tí ó ni í, wọn kì í sì ṣe Mùsùlùmí. Kí a bi wọ́n: nígbà tí Ànábì wa ń lọ sí Madina ní òru, ta ni ó fi sẹ́yìn pé kí ó dá ohun tí àwọn ará Makka fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ padà? Sayyidina Ali ni. Àwọn tí ó ni ohun náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní ayé àtijọ́ àwọn ọ̀dọ́ lè sọ pé àìní ni ó gbé àwọn dé ibẹ̀, pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí àwọn lè gbà kẹ́kọ̀ọ́. A kò lè da irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nù pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà tí ó mọ́ bá ṣí sílẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ó sì dára fún kọ̀ǹpútà náà ju èyí tí a jí lọ, àìní ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

A ti yin ín tó, ó yẹ kí a sọ ibi tí ó kù sí. Linux fífúyẹ́ kò lè mú íntánẹ́ẹ̀tì fúyẹ́. Ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, Firefox tàbí Chrome, ìyẹn ni ajẹRAM lóde òní. Orí kọ̀ǹpútà gígábáìtì 2, bí ẹ bá ṣí ojú ewé méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rí bàbá àgbà tí ó tún ń mí gúlegúle. Bátìrì ńlá láptọ́ọ̀pù arábìnrin wa kò gbé iṣẹ́jú mẹ́wàá, bí iná bá lọ, àfi kí ó ti tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó kú. Àwọn ètò kan wà tí iṣẹ́ òòjọ́ ẹlòmíràn ń fẹ́ tí wọn kò sí fún Linux rárá. Àwọn oní-Linux náà a sì máa kẹ̀yìn sí àgbà nígbà mìíràn: kọ̀ǹpútà irú 386 ni Torvalds fi bẹ̀rẹ̀, Linux fúnra rẹ̀ sì yọ 386 kúrò ní ìparí ọdún 2012. Debian, tí a kọ́ antiX lé lórí, kò ṣe ètò ìgbékalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà bíìtì 32 mọ́ nínú ẹ̀dà 13 tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Bíìtì 64 ni D630, ó bọ́ nínú ìyẹn. Ìyàtọ̀ tí a rí ni pé nígbà tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ẹ̀dà àtijọ́ kò di èèwọ̀, ẹni tí ó bá sì lágbára lè gbà á kí ó máa tọ́jú rẹ̀ lọ.

Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ wa kí ó lọ sọ ọ́ di ahun. Ọlọ́hun kọ ìnákùná fún wa, Ó sì kọ ahun pẹ̀lú. Arákùnrin tí ó ń fi gígé fídíò bọ́ ìyàwó àti ọmọ, tí ó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà ọdún 2007, tí iṣẹ́ wákàtí kan ń gbà á ní ọjọ́ kan, kò ṣe ẹ̀sìn. Àsìkò náà jẹ́ àmáánà. Kí ó lọ ra èyí tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì dúpẹ́. Iṣẹ́ ni kí a fi wọn ohun-èlò, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀, kì í sì ṣe ojú àwọn ọ̀rẹ́ wa ní kíláàsì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú ọ̀rẹ́ yìí ni ó ń ra kọ̀ǹpútà púpọ̀ láàárín yín.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn ènìyàn ń gbà yí ọ̀rọ̀ àlòkù po, èyí sì ń dùn wá. Ẹnìkan yóò kó kọ̀ǹpútà tí kò lè tàn mọ́ jọ, yóò gbé wọn wá sí ilé-kéwú, yóò ní sàráà ni. A ó ya fọ́tò, a ó ṣe àdúà fún un. Lẹ́yìn èyí, ẹrù iná ni ó fi sílẹ̀ fún wa. Alùkùráánì kìlọ̀ fún wa nípa kí a máa fi ohun tí àwa fúnra wa kò ní gbà tọrẹ, ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè kò yàtọ̀ sí i. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Lagos ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé ohun-èlò ẹlẹ́tíríìkì àlòkù tí ó ń wọlé lọ́dọọdún tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù, apá kan tí kò kéré nínú wọn ni kò sì ṣiṣẹ́. Ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó jáde ní ọdún 2024 sọ pé ìdọ̀tí ohun-èlò ẹlẹ́tíríìkì tí gbogbo ayé dà sílẹ̀ ní ọdún 2022 jẹ́ mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù, èyí tí a ní àkọsílẹ̀ pé a kó jọ tí a sì tún lò bó ṣe yẹ kò sì pé ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn ọmọdé tí ń sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀ ni ó ń fa èéfín ìyókù. Ẹni tí ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà àgbà tọrẹ, kí ó kọ́kọ́ gbọn eruku rẹ̀, kí ó gbé ètò fífúyẹ́ lé e, kí ó fi ṣájà rẹ̀ sí i, kí ó tàn án lójú ẹni tí ó fẹ́ gbà á. Bí kò bá lè tàn, kí ó sọ pé kò lè tàn.

Bí ó bá sì ti wá kú ní tòótọ́ ńkọ́, tí pátákó inú rẹ̀ ti jóná, tí ẹni tí ó mọṣẹ́ ti tú u tí ó sì rí i? Ẹ rántí awọ àgùntàn. RAM rẹ̀ lè wọ inú òmíràn, ojú rẹ̀, ṣájà rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí kò dáhùn lára láptọ́ọ̀pù arábìnrin wa, ara òkú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ ni a ti yọ èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti dískì, ẹ dúró kí ẹ ronú kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀, fọ́tò arábìnrin yín láìbo orí wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ owó ìyá yín, ọ̀rọ̀ àṣírí tí ọ̀rẹ́ yín fi ránṣẹ́ sí yín ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kí a pa fáìlì rẹ́ lásán kò mú un kúrò, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò tún fà á yọ. Fláàṣì Linux kan náà tí a fi jí kọ̀ǹpútà ní ètò tí ó lè kọ òfo bo gbogbo dískì tí ń yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó lè gba wákàtí méjì, ó lè gba òru kan. Ní ti SSD, àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ wà tí ó ń pa gbogbo inú ara rẹ̀ rẹ́. Bí dískì náà kò bá sì jí rárá tí a lè fi kọ nǹkan sí i, ẹ tú u, kí ẹ fọ́ àwo inú rẹ̀ tàbí èròjà tí ó ń gba àkọsílẹ̀ dúró, kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín.